Ẹnjiníà ní òun fẹ́ “gbé e sínú tuntun”: kí gan-an là ń sanwó rẹ̀?

Òjò alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan ló bí ìjà náà. Ní Agric, Ìkòròdú, àrá sán lẹ́ẹ̀kan, iná lọ. Nígbà tí yóò fi padà dé, ó wọlé bí ẹni tí inú ń bí. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àti dòdò, tó tún máa ń tan bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, gílóòbù méjì jó, dẹ́kódà rú òórùn rọ́bà jíjó, ó sì dákẹ́. (Egbin tí wọ́n ti ń ṣe iná tí wọ́n ń pín káàkiri Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, iná ló ń pa dẹ́kódà wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.)

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, ó ti pe ẹnjiníà tó bá a so díìṣì náà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà tú dẹ́kódà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

“Mọ́mì, ó ti lọ. Òmíràn la máa rà.”

Ó dárúkọ iye rẹ̀. Ìyá náà kérora, ó gbà. Ó kù díẹ̀ kí ọmọkùnrin náà gba Sábó lọ rà á ló bá yíjú padà: “Owó tí a máa fi gbé e sínú tuntun náà wà níbẹ̀ o, mà.”

“Gbé kí ni?”

“Àwọn nǹkan tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀.”

“Ṣé o tà á fún mi ni, àbí o fi yá mi?”

“Mo tà á fún yín, mà.”

“Ẹni tó bá ra ewúrẹ́ tó lóyún, ṣé wọ́n tún máa ń ta ọmọ inú rẹ̀ fún un lọ́tọ̀?”

Ọmọkùnrin náà la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bá a dá sí i. Apá kan ní gbájúẹ̀ ni, apá kejì ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbowó. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà mi, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé. Ẹnjiníà mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn oníṣẹ́ díìṣì tí mo mọ̀ léèrè, ohun tí mo sì rí kó jọ nìyí.

Kí ni wọ́n ń pè ní “gbígbé”?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya dẹ́kódà sọ́nà méjì. Èkínní ni ti ilé-iṣẹ́, irú ti DStv tàbí ti StarTimes. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń tà á, òun ló ń gbowó oṣù, ìkànnì tirẹ̀ nìkan ló sì wà fún. Èkejì ni dẹ́kódà ọjà, èyí tí èèyàn lè rà ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan. Wọ́n ṣe é kó lè gba ohun tó bá ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, ibi yòówù kó ti wá.

Dẹ́kódà ọjà yìí ni àwọn ẹnjiníà máa ń ṣe nǹkan sí. Wọ́n lè fi ojú kejì kún ojú díìṣì, kí wọ́n fi síwíìṣì kékeré kan so díìṣì méjì mọ́ wáyà kan, kí wọ́n ki ohun tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n to ìkànnì rẹ̀ bí oníbàárà ṣe fẹ́, kí wọ́n yí sọ́fítíwíà inú rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní àkáǹtì sí i. Gbogbo ohun tí kò bá a ti ilé tí wọ́n ti ṣe é wá ni màá máa pè ní àfikún. Tí dẹ́kódà bá kú tàbí tí èèyàn fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kíkó àfikún wọ̀nyí láti inú ti àtijọ́ bọ́ sínú tuntun ni wọ́n ń pè ní “gbígbé”.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo GOtv, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Erìàlì ni tiyín ń lò, kì í ṣe díìṣì, ilẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ ti ń wá, kò gba òkè satẹ́láìtì dé ọ̀dọ̀ yín.

Báwo ni àwòrán ṣe ń dé orí òrùlé wa?

Satẹ́láìtì jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sókè ọ̀run, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí wa, lókè ìlà agbedeméjì ayé. Bí ayé ṣe ń yí ni òun náà ń yí, wọ́n sì jọ ń parí yíyí náà pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó dúró sójú kan. Olúkúlùkù wọn ló ní ibi tó dúró sí. DStv tí à ń wò ní Nàìjíríà ń bọ̀ láti 36 dígírì ìlà oòrùn. StarTimes onídíìṣì ń bọ̀ láti dígírì 5. NigComSat-1R, tí Nàìjíríà ní, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní oṣù Kejìlá 2011, wà ní 42.5. Ẹ wo òrùlé àdúgbò yín, ẹ ó rí i: díìṣì kan kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, òmíràn sì gbójú sókè bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹyìn lórí ọ̀pẹ. Satẹ́láìtì tí dígírì rẹ̀ jẹ́ 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa gan-an ní Ìkòròdú.

Òjò ni kí ẹ fi gbogbo ètò náà wé. Díìṣì ni òrùlé tó ń gba omi. LNB, ohun tó dà bí ìkúùkù níwájú díìṣì, ni ọ̀sọ́rọ̀ níbi tí omi náà ti ń kó jọ. Wáyà ni páìpù tó gbé e wọlé. Dẹ́kódà ni asẹ́ tó sọ omi náà di ohun tí ẹnu lè mu. Òjò kì í yan òrùlé, bẹ́ẹ̀ náà ni satẹ́láìtì. Ohun kan náà tó ń rọ̀ sórí ilé olówó ní GRA ló ń rọ̀ sórí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́wà ní Agric.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí díìṣì, torí ibẹ̀ ni owó àkọ́kọ́ tí kò yẹ kí èèyàn san máa ń wà. Kí díìṣì tó ríran, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ tọ́ ojú rẹ̀ sí ibi tí satẹ́láìtì wà. Wọ́n ń pè é ní tráàkì. Iṣẹ́ ni o. Tí díìṣì bá fi dígírì kan péré yẹ̀, ní gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, ibi tó ń wò ti fi ohun tó ju 600 kìlómítà lọ yẹ̀ sí ibi tó yẹ kó wò. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tráàkì díìṣì tí kò kúrò lójú kan. Tí ó bá jẹ́ pé dẹ́kódà ló kú nínú yàrá, tí díìṣì wà lórí òrùlé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, tí afẹ́fẹ́ kò ṣí i nípò, kò sí tráàkì kankan tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á yọ wáyà lára àtijọ́, wọ́n á ki í bọ tuntun ni. Síbẹ̀ mo ti rí ìwé owó tí “tráàkì” wà lórí rẹ̀ nílé ẹni tí kò sẹ́ni tó gun òrùlé rẹ̀. Tí ẹ bá kó láti Ìgbógbó lọ sí Odogunyan, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, ẹ sanwó tráàkì.

Ta ló tilẹ̀kùn?

Tí òjò náà bá ń rọ̀ sórí gbogbo òrùlé, kí ló dé tí gbogbo wa kì í wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹnà sọ̀rọ̀ nígbà èwe, èyí á tètè yé yín. Ẹ dúró sójúde, ẹ ń pariwo, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí ẹ ṣe ń da ọ̀rọ̀ náà rú kò lè mú ẹyọ kan níbẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n da àwòrán rú kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sókè. Ó ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa, àmọ́ rírú ló ń dé. Káàdì kékeré tí wọ́n ń tì bọ dẹ́kódà wọn (tàbí ohun tí wọ́n ti kàn mọ́ inú rẹ̀) ló mọ ẹnà náà, òun ló ń tú u. Wọn kò sì gbà kí ẹnà náà pẹ́ kó tó yí padà. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ tó mọ ti àkọ́kọ́, wọ́n ti wà lórí òmíràn.

Àwọn ìkànnì kan wà tí wọn kò tì rárá. Ti ìjọ pọ̀ níbẹ̀, ti ìròyìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dẹ́kódà ọjà yóò gbé wọn láìsí wàhálà, kò sí òfin tó sọ pé kí ẹ má wò wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dẹ́kódà náà fún gan-an nìyẹn.

Níbo wá ni “àkáǹtì” ti wọlé?

Ẹnìkan, tó sábà máa ń wà lókè òkun, yóò ra káàdì gidi kan, yóò san owó oṣù rẹ̀ bó ṣe yẹ, yóò wá tì í bọ ẹ̀rọ kan tó so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Sáfà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Nígbàkúùgbà tí káàdì yẹn bá ti tú kọ́kọ́rọ́ tuntun, sáfà á pín in fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún dẹ́kódà káàkiri. Ó dà bí ọmọ kan tó gbọ́ ẹnà tòní, tó dúró lẹ́bàá ògiri tó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ sétí àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ẹ̀tọ́ láti wà lára àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ sí létí ni àkáǹtì.

Èyí ló fà á tí àkáǹtì náà kì í fi í jẹ détà púpọ̀, torí kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, díìṣì ló ń gbé àwòrán. Àwọn tó ń lo IPTV ló ń pariwo pé détà tán, nítorí tiwọn kò ní díìṣì, gbogbo àwòrán ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Wọ́n máa ń pa méjèèjì pọ̀ ní Ìkòròdú, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Irú kan tún wà tí kọ́kọ́rọ́ ń gba díìṣì kejì wọlé dípò íntánẹ́ẹ̀tì. Òmíràn sì wà tí wọ́n ń pè ní BISS, kọ́kọ́rọ́ onílẹ́tà àti òǹkà 16 tí ẹnjiníà ń fi rìmóòtù tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, tó ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí oní-nǹkan bá pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹni tó ń ta àkáǹtì kò ni ìkànnì náà. Ó ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwa ará Ìkòròdú, tí a mọ ẹni tó ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti mọ̀.

Èwo ló ṣeé gbé, èwo ni kò ṣeé gbé?

Ẹ fojú inú wo ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fẹ́ kó jáde, ọjà rẹ̀ wà níbẹ̀, ó lè rù ú. Pákó tó fi ṣe sẹ́ẹ̀fù mọ́ ògiri wà níbẹ̀, ó lè tú u, ṣùgbọ́n bóyá yóò bá ògiri ṣọ́ọ̀bù tuntun mu, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Owó háyà oṣù mélòó kan tó ti san sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ọwọ́ lándílọ́ọ̀dù ló wà. Bí àfikún dẹ́kódà ṣe pín nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ọjà tó ṣeé rù ni díìṣì, LNB, wáyà, síwíìṣì, àti ohun tí wọ́n kì bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹ ti rà wọ́n. Tí wọ́n bá ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dẹ́kódà tuntun, owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ẹnjiníà lè gbà lórí wọn. Ohun kan ló wà níbẹ̀ o: iná tó jó dẹ́kódà lè gba wáyà kọjá lọ pa LNB. Nítorí náà, tí ẹnjiníà bá ní LNB náà ti kú, ó lè jẹ́ òótọ́. Kó fi dẹ́kódà mìíràn dán an wò lójú yín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Sẹ́ẹ̀fù ara ògiri ni ètò inú ẹ̀rọ: bí wọ́n ṣe to ìkànnì, àwọn èyí tí ẹ fẹ́ràn jù, nọ́ńbà satẹ́láìtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ dẹ́kódà ọjà, wọ́n lè fi fíláàṣì kékeré kó ètò yìí jáde, kí wọ́n sì dà á sínú òmíràn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ẹ̀rọ kan náà. Ètò inú ẹ̀rọ kan kì í wọ inú ẹ̀rọ irú mìíràn. Sọ́fítíwíà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá fi tipátipá da ti irú kan sínú irú mìíràn lè pa ẹ̀rọ tuntun náà kí wọ́n tó gbádùn rẹ̀. Tí ẹ̀rọ àtijọ́ bá sì ti jó pátápátá bíi ti ìyá ẹlẹ́wà, kò sí ohun tí wọ́n máa kó jáde nínú rẹ̀, àfi tí ẹnjiníà bá ti kó o pamọ́ tẹ́lẹ̀. Yóò tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Iṣẹ́ wákàtí kan sí méjì nìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kó gbowó rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ẹnjiníà wí díẹ̀: tí wọ́n bá kó ètò oníbàárà pamọ́ sórí fíláàṣì lọ́jọ́ tí wọ́n so ó, ìjà á dín kù.

Háyà tó wà lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù ni àkáǹtì. Nọ́ńbà ara dẹ́kódà ni wọ́n fi í so mọ́, bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà mọ mọ́tò. Tí ẹ̀rọ náà bá kú, nọ́ńbà náà bá a lọ. Kí àkáǹtì tó lè bọ́ sára tuntun, ẹni tó ni sáfà gbọ́dọ̀ tú u kúrò lára nọ́ńbà àtijọ́. Òmíràn á tú u lọ́fẹ̀ẹ́, òmíràn á gbowó, òmíràn kò ní tú u rárá, á ní kí ẹ ra tuntun. Ẹnjiníà tó wà níwájú yín kọ́ ló ń pinnu èyí. Ó ra àkáǹtì náà lọ́wọ́ ẹnìkan tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó mọ oní-sáfà. Nígbà tó bá ní “kì í ṣe èmi o”, ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ.

Ẹ fi èyí wé dẹ́kódà ilé-iṣẹ́. Níbẹ̀, orúkọ yín ló wà nínú ìwé wọn. Tí ẹ̀rọ bá kú, ẹ̀yin tàbí aṣojú wọn á pè wọ́n, wọ́n á so orúkọ yín mọ́ ẹ̀rọ tuntun, ọjọ́ tó kù nínú owó oṣù yín á sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹnjiníà kankan tó ń “gbé” ohunkóhun.

Kí ló dé tí iye rẹ̀ ń yàtọ̀ láti ẹnu ẹnìkan sí ẹnu ẹlòmíràn?

Torí pé orúkọ kan ni wọ́n fún ohun mẹ́ta. Ẹnìkan á sọ “gbígbé” kó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ní lọ́kàn. Ẹlòmíràn á sọ “gbígbé” kó jẹ́ pé àkáǹtì tuntun olódindi ọdún wà nínú rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà á gbọ́ pé aládùúgbò rẹ̀ san díẹ̀, á sì rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó àpẹẹrẹ ni o, ẹ má fi lọ bá ẹnjiníà yín jà. Ká ní àkáǹtì ọdún kan jẹ́ ₦18,000, ìyẹn ni ₦1,500 lóṣù. Oṣù mẹ́jọ ti lọ, mẹ́rin ló kù, oṣù mẹ́rin náà sì tó ₦6,000. Tí oní-sáfà bá ní òun á gba ₦3,000 kí òun tó tú u, ẹ ṣì jèrè ₦3,000. Tí ó bá ní òun á gba ₦6,000, bákan náà ni ká san án àti ká jẹ́ kó lọ. Tí ẹnjiníà bá wá ní kí ẹ mú ₦18,000 wá fún “gbígbé”, kò gbé nǹkan kan, ó ta àkáǹtì tuntun fún yín ni. Kó pè é bẹ́ẹ̀. Kó sì sọ ibi tí oṣù mẹ́rin náà wọlẹ̀ sí.

Ta ló ni oṣù mẹ́rin yẹn?

Oníbàárà á ní òun ti sanwó ọdún. Ẹnjiníà á ní òun ti san án fún ẹni tó wà lókè òun, kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Òótọ́ ni méjèèjì ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú ni pé kò sí ìwé kankan tó sọ ohun tí wọ́n rà. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí i pé tí ẹ̀rọ bá kú, báyìí báyìí la máa ṣe. Ohun tó sì burú jù ni pé oṣù mẹ́rin náà lè má sí rárá, torí tí ilé-iṣẹ́ bá yí ẹnà rẹ̀ padà lálẹ́ òní, sáfà náà kú nìyẹn, àti oṣù mẹ́rin, àti ọdún tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀ láàárọ̀ san.

Ṣé èèyàn lè fẹjọ́ sùn?

Fún ẹ̀rọ, wáyà, LNB, àti owó iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti 2018, fẹ́ kí oníṣòwò sọ iye ọjà kó tó tà á, kó fún oníbàárà ní ìwé ohun tó rà, kó sì jẹ́ kó hàn gbangba tí ohun tó ń tà bá jẹ́ àlòkù. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí wúlò púpọ̀, nítorí dẹ́kódà “tuntun” tí wọ́n ti lò rí wọ́pọ̀ lọ́jà. Ìjọba Èkó ní àjọ tirẹ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, LASCOPA ni wọ́n ń pè é. Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba Èkó náà máa ń parí irú ìjà báyìí láìgba kọ́bọ̀. Láti 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké sì ti wà ní Èkó, fún gbèsè tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ.

Fún àkáǹtì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, dáàbò bo ètò orí afẹ́fẹ́, ó sì ka fífọ́ àgádágodo tí oní-nǹkan fi tì í léèwọ̀. Ẹni tó bá lọ sọ fún adájọ́ pé wọ́n kọ̀ láti gbé kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tòun sínú ẹ̀rọ tuntun òun ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Olè tó jí kàkàkí ọba, ibo ni yóò ti fọn ọ́n? Àwọn ẹnjiníà mọ èyí, oní-sáfà tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè yí owó náà bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tan bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù tún ní ẹrù kan lórí. Kódà, owó oṣù gidi tí èèyàn san fún ilé rẹ̀ kò gbà á láyè láti fi kó èrò jọ síbi òwò. Ètò tó wà fún oníṣòwò yàtọ̀.

Kí ni kí n bi í kó tó tú wáyà?

Ẹ má bi í pé “eélòó ni gbogbo ẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ló ń bí ìjà. Ẹ ní kó pín in: eélòó ni ẹ̀rọ, eélòó ni iṣẹ́ ọwọ́, kí ló tún wà níbẹ̀? Tí ó bá dárúkọ tráàkì, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ gun òrùlé. Tí ó bá ní kí ẹ ra irú ẹ̀rọ mìíràn yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ bi í ìdí rẹ̀, nítorí ètò àtijọ́ kò ní wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ á sì pọ̀ sí i. Ẹ gba ẹ̀rọ tó jó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rò pé kí la fẹ́ fi ṣe, àmọ́ àwọn kan ń tún un ṣe, wọ́n á sì tà á, owó náà kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Páwà, ibi tó ń gba iná wọlé, ló sábà máa ń jó nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà yín lè pààrọ̀ páwà náà kó sì jí, nọ́ńbà rẹ̀, ètò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé. Ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú.

Tí ẹ bá wá bi mí ní ti àkáǹtì, èmi kò ní san án. Kì í ṣe torí pé mo jẹ́ ẹni mímọ́. Mo ti wo bọ́ọ̀lù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo sì mọ ibi tó ti ń wá. Owó tí mi ò lè béèrè padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni mi ò fẹ́ san.

Ìyá ẹlẹ́wà ní kí ọmọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ìwé nítòsí, ló bá ya ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣàna, ó kọ mẹ́rin síbẹ̀: dẹ́kódà, iṣẹ́ ọwọ́, tráàkì, àkáǹtì. Ìyá náà gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìlà sórí tráàkì. Ó wo àkáǹtì fún ìgbà díẹ̀.

“Ọdún kan ni mo san fún ọ nígbà yẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Oṣù mélòó ló kù?”

Ọmọkùnrin náà fi ìka kà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. “Mẹ́rin, mà. Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e. Ìyá náà fa ìlà kejì, ó ka owó ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ ọwọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì padà sídìí ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwàásù ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù jẹ ẹ̀wà tán, wọ́n ní kó bá àwọn dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀.